Franz Senn: Àlùfáà tí ó La Ọ̀nà Orí Òkè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan ti gbé ayé rí tí wọ́n da omi síwájú, tí ó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ó tẹ ilẹ̀ tútù náà. Ọ̀kan nínú wọn ni àlùfáà Franz Senn, ọmọ ilẹ̀ Tyrol ní Austria, ẹni tí a kò tíì gbàgbé orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí ń rìn lórí òkè Alps. Nínú ìwé ìrántí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, a rí i pé ó yẹ kí a gbé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, nítorí pé ó fi ohun tí ìpèsè sílẹ̀ jẹ́ hàn wá, àti ohun tí ó lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń pèsè.

A bí Franz Senn ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1831 ní Längenfeld, ní àfonífojì Ötztal. Àfonífojì náà gùn, ó sì tóóró; òkè gíga ni ó yí i ká. Ní òkè pátápátá ni odò yìnyín wà. Òjò dídì tí kò yọ́ láti ọdún dé ọdún ni ó ń rọ́ lu ara wọn tí ó fi di yìnyín líle, yìnyín náà a sì máa wọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bí ẹni pé odò ni. Nígbà tí Senn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní 1845, ọ̀kan nínú àwọn odò yìnyín wọ̀nyí, tí à ń pè ní Vernagt, ti wọ́ títí ó fi dí odò omi kan lójú. Omi gbá jọ lẹ́yìn rẹ̀, ó di adágún, nígbà tí adágún náà sì ya, àgbàrá rẹ̀ ṣọṣẹ́ káàkiri àfonífojì náà. Ọmọdé tí ó dàgbà níbẹ̀ kò nílò olùkọ́ kankan kí ó tó mọ̀ pé òkè kì í ṣe ohun eré.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ láti di àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, wọ́n sì fi joyè àlùfáà ní 1856. Ní 1860 ni wọ́n rán an lọ sí Vent, abúlé kékeré tí ó wà ní ìpẹ̀kun àfonífojì náà, ní nǹkan bí 1,900 mítà sókè ìtẹ́jú òkun. Kò sí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹrù lè gbà dé ibẹ̀ nígbà náà. Òtútù kò jẹ́ kí ọkà ṣe dáadáa, nítorí náà àgùntàn àti màlúù ni àwọn ará abúlé gbójú lé. Ìgbà òtútù a máa gùn, owó a sì máa ṣọ̀wọ́n. Bí Senn ti ń bójú tó ẹ̀mí àwọn ènìyàn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ro bí wọn yóò ṣe rí oúnjẹ jẹ.

Ní àkókò yẹn, àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn ọ̀mọ̀wé láti àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Austria ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá gun òkè fún ìgbádùn àti fún ìwádìí. Senn rí i pé bí àwọn àlejò wọ̀nyí bá rí ibi sùn, tí wọ́n rí ọ̀nà tí ó ṣeé tẹ̀, tí wọ́n sì rí amọ̀nà tí ó ṣeé fọkàn tán, owó wọn yóò wọ inú ilé àwọn tálákà Vent. Ó sọ ilé àlùfáà di ilé àlejò. Ó mú kí wọ́n la ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sí ibi tí àwọn odò yìnyín wà. Ó kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin abúlé jọ, ó sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ amọ̀nà: bí a ti ń fi okùn so ara wa pọ̀ lórí yìnyín, bí a ti ń mọ ibi tí kòtò jíjìn fara pamọ́ sí lábẹ́ òjò dídì, àti bí a ti ń bá àlejò lò láìṣe àbòsí nípa owó iṣẹ́. Kò jókòó sílé rán wọn níṣẹ́ nìkan. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè Finailspitze ní 1865, òkè tí ó ga ju 3,500 mítà lọ.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ìdí tí ilé ìsinmi àti ọ̀nà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, iye máìlì ni a fi ń wọn ìrìn. Lórí òkè gíga, iye wákàtí ni. Òjò dídì tí ó le ní òwúrọ̀ a máa rọ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, èyí tí ó sì bo ojú kòtò lè já lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ààrá àti ìjì a máa ṣú lójijì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ré òkè kọjá gbọ́dọ̀ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá sùn sí ìsàlẹ̀ àfonífojì. Ilé tí a kọ́ sí agbedeméjì òkè ni ó pín ìrìn náà sí ìwọ̀n tí agbára ènìyàn lè gbé. Bí ilé bá sì tẹ̀lé ilé, tí ìrìn ọjọ́ kan wà láàárín èkíní àti èkejì, ènìyàn lè rìn fún ọ̀sẹ̀ kan lórí òkè láìsọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú.

Senn mọ ohun tí àìsí irú ilé bẹ́ẹ̀ lè fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1868, òun àti Cyprian Granbichler, amọ̀nà tí ó sún mọ́ ọn jùlọ, tí ó sì bá a gun òkè púpọ̀, ń ti ìhà gúúsù bọ̀ sí Vent. Wọ́n gba Hochjoch, ibi tí òkè ti rẹlẹ̀ díẹ̀ tí ènìyàn fi lè ré kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ náà ga ju 2,800 mítà lọ. Ìjì òjò dídì ká wọn mọ́ ibẹ̀. Senn yè é, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí òun náà kú. Granbichler kò yè. Alágbára ni ọkùnrin náà, ó sì mọ òkè bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àárẹ̀ àti òtútù borí rẹ̀. A kò mọ ìbànújẹ́ tí ó tó kí olùṣọ́-àgùntàn pàdánù ọ̀rẹ́ àti ọmọ ìjọ rẹ̀ lójú ọ̀nà tí àwọn méjèèjì jọ ń rìn.

Ikú náà kò mú kí Senn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1869, ẹgbẹ́ kan fìdí múlẹ̀ ní Munich, tí à ń pè ní Ẹgbẹ́ Òkè Alps ti Jámánì. Senn wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, pẹ̀lú Johann Stüdl tí í ṣe oníṣòwò ní Prague, Theodor Trautwein tí ń ta ìwé, àti Karl Hofmann, ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ẹgbẹ́ kan ti wà ní Vienna láti 1862, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ àti ìmọ̀ nípa òkè ni ó gbájú mọ́ jù. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń fẹ́ ẹgbẹ́ tí yóò máa kọ́ ilé, tí yóò máa la ọ̀nà, tí yóò sì máa mú iṣẹ́ amọ̀nà wà létòlétò. Hofmann kò rí èso rẹ̀. Ogun Jámánì àti Faransé pa á ní 1870, kò tíì ju ọmọ ọdún 22 lọ. Ní 1873, ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan.

Níbi tí iṣẹ́ náà ti ń gbilẹ̀ ni ọrùn Senn ti wọ gbèsè. Kí ẹgbẹ́ náà tó wà, owó ara rẹ̀ àti owó tí ó yá ni ó fi la ọ̀nà, tí ó sì fi tún ilé ṣe. Àlejò dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n san kò tó gbèsè náà. Ní 1872, lẹ́yìn ọdún méjìlá, ó fi Vent sílẹ̀ lọ sí Nauders. Ní 1881, ó di àlùfáà Neustift ní àfonífojì Stubai, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1884, ní ọmọ ọdún 52. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé ikú rẹ̀, wọ́n ṣí ilé ìsinmi kan sí orí òkè Stubai, ní nǹkan bí 2,147 mítà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é: Franz-Senn-Hütte.

Ilé náà ṣì wà títí di òní. Ó wà lára àwọn ilé mẹ́jọ tí ó wà lójú ọ̀nà Stubaier Höhenweg, ìrìn bí ọ̀sẹ̀ kan tí ó yí òkè àfonífojì náà ká lókè Neustift, níbi tí a sin Senn sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rin ìrìn náà yóò kọ́kọ́ wo oṣù, nítorí láàárín oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí ń ṣí sílẹ̀. Yóò ránṣẹ́ ṣáájú kí wọ́n lè fi ibùsùn pa mọ́ dè é. Yóò ka wákàtí tí ó wà láàárín ilé kan àti èkejì, yóò sì fi wé agbára ẹni tí ara rẹ̀ kò le jù nínú àwọn tí wọ́n jọ ń lọ. Kò ní jẹ́ kí ẹrù rẹ̀ wúwo jù. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó ń lọ sínú ìwé àlejò, kí àwọn tí yóò wá a lè mọ ibi tí wọn yóò gbà bí kò bá dé. Ẹgbẹ́ tí Senn bá wọn dá sílẹ̀ ti ní ọmọ ẹgbẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan nísinsìnyí, àti ilé ìsinmi tí ó lé ní 300.

Bí a bá wo ìwé owó Senn nìkan, a ó ní ó kùnà. Bí a bá wo ọ̀nà náà, a ó sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà láàárín méjèèjì tí a kò gbọdọ̀ fò. Àpò ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbé iṣẹ́ tí gbogbo ìlú yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà tí Senn dá a gbé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ gbà á, tí oníkálukú ń dá ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ ká, ó di ohun tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò wó. Ojú àánú ọkùnrin kan ni ó kọ́kọ́ rí àìní náà, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì mú un dúró.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, àwa náà tẹ ilẹ̀ tútù tí àwọn ẹlòmíràn da omi sí. Àwọn kan la ọ̀nà tí a gbà wọ kíláàsì, àwọn kan sì san owó tí a kò mọ̀. Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ohun tí ó kù, kí ó má baà jẹ́ ọrùn ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀ yóò já lé.