Charles Kettering: Ọmọ àgbẹ̀ tó fi kọ́ńtáàtì sínú ọkọ̀

Kò sí ẹni tó ti wa ọkọ̀ Ìjàpá tàbí bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ rí tí kò mọ kọ́ńtáàtì. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò dáhùn láàárọ̀, ibẹ̀ ni mẹkáníìkì sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Yóò ha ojú irin náà, yóò wọn àlàfo àárín rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì dún. Ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí ojú ń yọ lẹ́nu láti kékeré, ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Charles Franklin Kettering ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1876 ni wọ́n bí i sí oko kan nítòsí Loudonville, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ náà ní làákàyè, ṣùgbọ́n bó bá ti kàwé pẹ́ díẹ̀, orí fífọ́ dé nìyẹn. Ó kọ́kọ́ ṣe tíṣà, kó tó wọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio. Ojú yìí kan náà ló lé e kúrò níbẹ̀, ló bá lọ ń bá àwọn tó ń ri òpó tẹlifóònù ṣiṣẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó padà síléèwé, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ iná mànàmáná lọ́dún 1904.

Iléeṣẹ́ National Cash Register, tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó fáwọn oníṣọ́ọ̀bù nílùú Dayton, ló gbà á síṣẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀, Kettering ló fi mọ́tò iná sí i. Ibẹ̀ ló ti rí i pé mọ́tò kékeré lè lo agbára tó ju ara rẹ̀ lọ, bó bá ṣe pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ yìí ni yóò wúlò fún un lọ́jọ́ iwájú.

Lọ́dún 1909, òun àti Edward Deeds dá Delco sílẹ̀. Inú abà tó wà lẹ́yìn ilé Deeds ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ń ráyè. Nígbà náà, iná tó ń dáná sí epo nínú ọkọ̀ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, bátìrì a sì tètè kú.

Ọ̀nà tí Kettering gbà yanjú rẹ̀ kò le láti yé ni. Iná bátìrì ń gba inú kọ́ìlì kọjá, ó sì ń gba ojú irin kékeré méjì tó fẹnu kora wọn. Irin méjì yìí ni kọ́ńtáàtì. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí ni yóò máa là wọ́n lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti là, iná já lójijì. Jíjá yìí ló ń mú kí kọ́ìlì tu iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì jáde, tó ń ṣẹ́ná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1910 ló kọ́kọ́ lò ó.

Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di olókìkí. Irin ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó ṣiṣẹ́ láyé ìgbà náà, irin náà a sì máa ta padà, a máa ṣẹ́ni lápá. Lọ́dún 1911, Kettering fi mọ́tò iná kékeré rọ́pò rẹ̀, Cadillac sì fi í sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1912. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò lágbára apá náà lè dá ọkọ̀ ṣí.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí ìtàn yìí ti korò. Láti 1920 títí di 1947, Kettering ni olórí ìwádìí fún General Motors. Lábẹ́ rẹ̀ ni Thomas Midgley ti rí i lọ́dún 1921 pé bí wọ́n bá po òjé díẹ̀ mọ́ epo, ẹ́ńjìnnì kò ní máa kàn gbàgbàgbà mọ́. Lọ́dún 1924, Kettering di ààrẹ Ethyl, iléeṣẹ́ tó ń ta àpòpọ̀ náà. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, májèlé yìí da orí àwọn òṣìṣẹ́ rú ní ibùdó ìfọpo kan ní New Jersey, márùn-ún sì kú nínú wọn. Dókítà Alice Hamilton àtàwọn mìíràn kìlọ̀. Àwọn oníwádìí Kettering fúnra wọn ti dán ọtí ethanol wò, wọ́n sì mọ̀ pé ó lè ṣe iṣẹ́ náà, síbẹ̀ òjé ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́ káàkiri ayé. Ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, ṣíwọ́ títà á fún ọkọ̀.

Ọkùnrin yìí kan náà ló wà lára àwọn tó dá ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ Sloan-Kettering sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1945. Oṣù kọkànlá ọdún 1958 ló kú ní Dayton, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí àyípadà fi dé bá kọ́ńtáàtì. Ojú irin náà ń jó, àlàfo àárín rẹ̀ ń yí padà, àsìkò ìṣẹ́ná a sì ṣì. Lọ́dún 1973, Chrysler fi ẹ̀rọ iná tí kò ní kọ́ńtáàtì sínú gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lónìí, àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀sì àtijọ́ Volkswagen tí wọ́n fi ń rìnrìn-àjò, tí wọ́n sì ń sùn sí, ń yọ kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́ńsà kúrò. Wọ́n ń fi òòfà àti ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ ọ́n dípò, lábẹ́ ìdérí kan náà. Kò sí ohun tí wọn yóò tún ha mọ́. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì ń bẹ níbẹ̀, jíjá iná lójijì sì ni ó ṣì ń ṣẹ́ná.

Ọgbọ́n ọdún yìí ni wèrè ẹ̀míì, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńtáàtì ṣe di ohun àtijọ́. Ó ṣiṣẹ́ fún àkókò rẹ̀, ó sì sinmi. Ti òjé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kìlọ̀. Ohun méjì tí Kettering fi sílẹ̀ ni ayé ti yọ kúrò nínú ọkọ̀. Ọ̀kan gbó, èkejì pani.