Teslim Balógun: Àrá tó sán láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù

Lọ́sẹ̀ yìí, ìtàn ọmọ wa kan ni a fẹ́ sọ, ẹni tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ orúkọ rẹ̀ lára pápá ìṣeré nìkan.

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Teslim Balógun sí. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì le débi pé Thunder ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni àrá. Láyé ìgbà náà ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun. Ilé iṣẹ́ ló ń gba agbábọ́ọ̀lù síṣẹ́, tí yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Báyìí ni Teslim ṣe gbá bọ́ọ̀lù fún Marine, Railways àti Pan Bank. Ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Jos wa níbí pẹ̀lú. Òun náà mọ ohun tí à ń pè ní wíwá oúnjẹ kiri.

Ní 1949, wọ́n yan agbábọ́ọ̀lù 18 lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Teslim wà lára wọn, Etim Henshaw, ọmọ Èfìk, sì ni olórí ikọ̀. Ọkọ̀ òkun ni wọ́n wọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níwájú òyìnbó tó wọ bàtà. Nínú ìdíje 9, wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì 2, wọ́n sì pàdánù 5. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n na Sierra Leone ní 2 sí òdo ní Freetown.

Ní 1955, Teslim padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ bá ẹgbẹ́ Peterborough United. Kò rí àyè nínú ikọ̀ àgbà wọn. Ẹlòmíràn ìbá ti di ẹrù rẹ̀ wálé, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1956, Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì. Ìdíje líìgì 13 ló gbá, góòlù 3 ló jẹ. Kì í ṣe pé owó ńlá wà níbẹ̀ o. Títí di 1961, òfin bọ́ọ̀lù wọn kò gbà kí owó ọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kọjá iye kan.

Ohun tó wù wá jù nínú ìtàn rẹ̀ nìyí: kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́, ó ti kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó gbé ìmọ̀ náà wálé, ó sì wà lára àwọn tó kọ́ ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí Òlíńpíìkì 1968 ní Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti bá Brazil ta ọ̀mì 3 sí 3.

Ó kú ní ọjọ́ 30, oṣù keje, 1972. Kò tíì pé ẹni 50 ọdún. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ní 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i.

Ìdí tí a fi sọ ọ́ ni pé àwọn òbí ń wá bá wa pé àwọn fẹ́ ta ilẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ẹnì kan lè bá wọn mú ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. A kò ní kí ọmọ má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ mú un lọ pé ẹgbẹ́ wo ló ń dúró dè é. Kí ọmọ náà sì kọ́ iṣẹ́ mìíràn mọ́ bọ́ọ̀lù, nítorí ọjọ́ ẹsẹ̀ kì í pẹ́. Ọmọ wa tó bá lọ, kí Ọlọ́run mú un bọ̀ láyọ̀. Ire o.