Townsend, ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá gba Onípánù wọ Ṣómólú yóò bá àwọn tó ń tẹ káàdì ìkíni àti ìwé ìpè ìnáwó. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá.

Exeter, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Henry Townsend, ajíhìnrere CMS, lọ́dún 1815. Oṣù kìíní ọdún 1843 ló kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1854 ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ níbẹ̀, tó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á fi tàdáwà pa á, kí wọ́n tó tẹ bébà mọ́ ọn. Ọjọ́ 3, oṣù kejìlá, 1859 ni Ìwé Ìròyìn kọ́kọ́ jáde. Ọgọ́fà (120) owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á.

Alágídí ni Townsend ṣá o. Ó ta ko bí wọ́n ṣe fẹ́ fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí àárín àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó dàrú, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1867. Wọ́n lé àwọn òyìnbó, wọ́n ba ẹ̀rọ náà jẹ́, Ìwé Ìròyìn sì kógbá sílé. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 1886 ni Townsend kú.