Andrew Foster: Adití Tí Ó Di Bàbá Fún Àwọn Adití Áfíríkà

Àwa tí a ń gba Warehouse Road lọ sí ìsìn àti ìpàdé mọ bí ojú ọ̀nà náà ti rí. Tírélà tí ń lọ sí èbúté kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Fèrè ni ó fi ń kìlọ̀ fún wa kí á tó yà. Ọmọ tí kò gbọ́ fèrè ńkọ́? Ìyá rẹ̀ a tì í mọ́lé, kì í ṣe nítorí ọkọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n nítorí ẹnu aráyé pẹ̀lú. Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mú ìtàn yìí wá.

Ọdún 1925 ni a bí Andrew Foster ní Ensley, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ń wa èédú nínú ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, àìsàn yírùnyírùn kọlu òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin kan. Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí, ṣùgbọ́n etí àwọn méjèèjì di pátápátá.

Ẹrù méjì ni ó wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ náà: ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ tí a ti ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, ó sì tún jẹ́ adití. Iléèwé àwọn adití aláwọ̀ dúdú tí ó lọ ní Talladega kò kọ́ wọn ju kíláàsì kẹfà lọ. Ní ọmọ ọdún 17, ó lọ bá ìyá rẹ̀ kékeré ní ìlú Detroit, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé. Ní Detroit yìí ni ó ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi, tí ó sì gbọ́ nípa àwọn adití ilẹ̀ òkèèrè tí kò sí ẹni tí ń kọ́ wọn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ni ó wà fún àwọn adití nígbà náà, Gallaudet ní Washington. Ó kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò jáwọ́. Wọ́n gbà á ní ọdún 1951, ó sì jáde ní 1954: òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ìwé níbẹ̀. Ní 1956 ó dá ẹgbẹ́ ajíhìnrere fún àwọn adití Áfíríkà sílẹ̀, ní 1957 ó sì gúnlẹ̀ sí Ghana.

Nígbà tí ó béèrè àwọn ọmọ adití, àwọn kan sọ fún un pé kò sí irú wọn ní ìlú àwọn. Àwa ìyá mọ ìdí tí wọn kò fi rí wọn. Wọ́n wà ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n wà ní oko, wọ́n wà ní ìdí ààrò, a kò jẹ́ kí àlejò rí wọn. Foster wá wọn rí. Ó yá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Accra, ó ń kọ́ wọn lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tí ń gbọ́ràn bá ti lọ sílé, ìyẹn sì di iléèwé.

Ní ọdún 1960 ó dé Nàìjíríà, ó sì dá iléèwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Enugu àti ní Kaduna. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ayé ìgbà náà kò fẹ́ kí adití fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ó máa wo ètè títí yóò fi gbọ́. Foster mọ̀ lára ara rẹ̀ pé èdè ọwọ́ ni ìlẹ̀kùn, ó sì ṣí i fún wọn. Ó tún kọ́ àwọn adití fúnra wọn láti di olùkọ́. Kì í ṣe àánú ni ó wá fún wọn, bí kò ṣe iṣẹ́ àti ipò.

Ní 1961 ó fẹ́ Berta, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, adití bí tirẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni Ọlọ́run fún wọn. Ìrìn àjò pọ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni bàbá kò fi sí nílé, ìyá ni ó sì ń ru ẹrù ilé. Ẹ má jẹ́ kí á gbàgbé obìnrin yìí nígbà tí a bá ń yin ọkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1987, ọkọ̀ òfúrufú tí ó wọ̀ já lulẹ̀ ní Rwanda, ó sì sùn nínú Olúwa ní ẹni ọdún 62. Ó ti dá iléèwé tí ó lé ní 30 sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 13, títí kan Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ tí ó múlé tì wá.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa náà ní ìpín nínú iṣẹ́ yìí, nípa Iléèwé Wesley fún àwọn adití ní Èkó. Ṣùgbọ́n iléèwé nìkan kò tó. Ta ni nínú wa tí kò tíì pe ọmọ ẹlòmíràn ní odi, nígbà tí ó ní orúkọ? Ta ni kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe? Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jésù ní irú ìbéèrè yìí nípa afọ́jú kan, Olúwa kò sì gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa wo àdúgbò rẹ̀, láti Apápá dé Ajégúnlẹ̀. Bí ìyá kan bá ń fi ọmọ pamọ́, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bá a mú ọmọ náà wá sí iléèwé Ọjọ́ Ìsinmi, kí ó jókòó níwájú níbi tí yóò ti rí ojú olùkọ́. Kí á kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ kí i, kí á sì dì í lọ́wọ́ mú sọdá títì.

Kí Olúwa tí ó ṣí etí adití ní Dekapólì ṣí ọkàn tiwa náà. Àmín.