Ibn Khaldun, Onímọ̀ Tí Ó Wá Ìdí Ìtàn

Ọmọ kéú tí ó bá rò pé ìmọ̀ taarih kò ju híhá orúkọ ọba àti ọdún sórí lọ, òun ni a kọ èyí fún. Abdur-Rahman Ibn Khaldun ni à ń wí, ẹni tí a bí ní ìlú Tunis ní ọdún 1332.

Kò tíì pé ogún ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn fi pa bàbá àti ìyá rẹ̀, pẹ̀lú púpọ̀ nínú àwọn àáfà tí ń kọ́ ọ. Ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ọba, láti ààfin kan dé òmíràn. Wọ́n gbé e ga, wọ́n sì tún jù ú sẹ́wọ̀n ní Fez fún nǹkan bí oṣù 21. A kò ní fi bò: ó fẹ́ràn ipò, kì í sì í pẹ́ yí sẹ́yìn ẹni tí agbára bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìṣèlú sú u, ó lọ fi ilé olódi Qal'at Ibn Salama ṣe ibùgbé, ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Àlùjíríà lónìí. Ibẹ̀ ni ó ti fi oṣù 5 péré kọ Muqaddimah ní 1377, ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún ìwé ìtàn rẹ̀, Kitab al-Ibar. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Lárúbáwá mọ̀ pé àríkọ́gbọ́n ni ibar.

Kì í gba ìtàn gbọ́ nítorí pé àgbà ni ó sọ ọ́. Al-Mas'udi kọ ọ́ pé ọmọ ogun Ànábì Musa tó 600,000. Ibn Khaldun ní báwo ni irú èrò bẹ́ẹ̀ yóò ṣe jà, nígbà tí àwọn tí ó wà ní apá kan kò ní mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní apá kejì? Ó sì ṣàlàyé asabiyyah, okùn tí ń so ènìyàn pọ̀ bí ọmọ ìyá. Àwọn tí ó jìyà ni ó ń fi í gba ìjọba. Àwọn ọmọ wọn a ṣì rántí díẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ tí a bí sínú ọrọ̀ a jẹ́ kí ó já. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí nǹkan bí 120 ọdún.

Ní 1384, wọ́n fi í ṣe adájọ́ àgbà mazhab Maliki, tí àwa náà ń tẹ̀lé, ní Cairo. Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ tí ń kó ẹbí rẹ̀ bọ̀ láti Tunis rì sínú òkun.

Ní 1401, Timur dó ti Damascus. Okùn ni wọ́n fi sọ bàbá ẹni ọdún 68 yìí kalẹ̀ láti orí odi kí ó lè lọ bá a. Timur bi í léèrè nípa ilẹ̀ Maghrib, ó sì kọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ìlú náà lẹ́rù, iná sì jó mọ́sáláṣí ńlá ibẹ̀. Gbogbo èyí ni ó kọ sínú ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀.

Ó padà sí Cairo, níbi tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní títún Muqaddimah ṣe. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní Ramadan 808, èyíinì ni oṣù kẹta 1406, kété lẹ́yìn tí wọ́n fi í ṣe adájọ́ nígbà kẹfà.