Àdùnní Olórìṣà: Ẹni Tó Tún Igbó Ọ̀ṣun Ṣe

Àwa ọmọ Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà títí dé Èrúwà, mọ bí igbó òrìṣà ṣe ń di ilẹ̀ ìkọ́lé díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn Susanne Wenger fi kàn wá.

Ọdún 1915 ni wọ́n bí i sí ìlú Graz, ní ilẹ̀ Austria. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́. Ní 1950, ó bá Ulli Beier, ọkọ rẹ̀, wá sí Ìbàdàn, níbi tí ọkọ náà ti gba iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Kò pẹ́ tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá a wó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló di ọmọ ẹ̀yìn Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, tó sì gba òrìṣà. Àdùnní Olórìṣà ni àwọn èèyàn wá ń pè é.

Nígbà tó fi máa dé Òṣogbo, ikán ti ń jẹ àwọn ojúbọ inú Igbó Ọ̀ṣun, àwọn kan sì ń gé igi ibẹ̀. Àdùnní kò dá iṣẹ́ àtúnṣe náà ṣe. Adébísí Akànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Kàsálí Àkàngbé gbẹ́ igi. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta. Ní 2005, UNESCO fi igbó náà, tó tó hẹ́kítà 75, sínú àwọn ogún àgbáyé. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àdùnní kú ní Òṣogbo, lẹ́ni ọdún 93.

Ṣùgbọ́n amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì kì í wà títí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àgbàrá ba ojúbọ Busanyin jẹ́. Iléeṣẹ́ CyArk fi iná lésà àti kámẹ́rà ya ojúbọ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di àwòrán tí èèyàn lè wò yíká lórí kọ̀ǹpútà. Àwòrán bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tún ògiri mọ mọ bó ṣe ga tó àti ibi tó ti sán. Àmọ́ kò lè gbin igi, kò sì lè fọ omi Ọ̀ṣun tí àwọn awakùsà ti dọ̀tí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, fóònù wà lọ́wọ́ wa. Ká lọ ya ohun tó kù nílé. Ṣùgbọ́n ká ṣe bí Àdùnní ti ṣe: ká kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà tó ni igbó, ká gbàṣẹ, ká tó gbé kámẹ́rà sókè.