Abebe Bikila: Ẹsẹ̀ Rọ, Ọkàn Ò Rọ

Ṣé ẹ ṣì rántí ọjọ́ ìdíje ilé sí ilé ní Araromi-Obu, tí a máa ń pariwo títí ohùn wa á fi há? Ẹni tó bá sáré borí lọ́jọ́ náà, orúkọ rẹ̀ yí padà nìyẹn. Eré ẹsẹ̀ rẹ̀ la ó fi máa pè é. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yẹn bá wá kan ńkọ́, kí la ó máa pè é? Ìbéèrè yìí ló mú mi rántí Abebe Bikila, ọmọ Etiópíà.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1932 ni wọ́n bí i. Sójà ni, ara ẹ̀ṣọ́ Ọba Haile Selassie ló wà. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira, ó sá eré Marathon nílùú Róòmù láìwọ bàtà. Eré náà ju kìlómítà 42 lọ. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16 ló fi parí rẹ̀, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gba wúrà Òlíḿpíìkì. Ẹ má sì gbàgbé pé Ítálì kan náà ló gbógun ja ìlú rẹ̀ lọ́dún 1935.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì fún un. Ta ló rò pé yóò tún sáré lọ́dún náà? Lóṣù Kẹwàá ó dé Tokyo, ó tún borí, ó sì yára ju ti Róòmù lọ. Ìdíje Tokyo yìí náà ni Nojim Maiyegun tiwa ti gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gbà ní Òlíḿpíìkì.

Ayé wá yí. Ní Mexico lọ́dún 1968, ẹsẹ̀ ń dun Bikila, ó sì ní láti jáwọ́ lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 17. Mamo Wolde, ọmọ ìlú rẹ̀, ló gba wúrà. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 1969, ọkọ̀ Volkswagen rẹ̀, irú èyí tí à ń pè ní ìjàpá, dojú dé lóru. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní Ìlú Ọba, ó sì lo oṣù 8 níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Eléré ìdárayá tó bá fara pa, egungun nìkan kọ́ ló ń dùn ún. Ojú á tì í, ẹ̀rù á bà á, inú á máa bí i sí àwọn tó ń sáré kọjá. Egbò á jinná, àwọn èèyàn á ní ó ti parí, wọn ò mọ̀ pé ọkàn kò tíì dìde. Dókítà Ludwig Guttmann, tó dá ẹ̀ka àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bà jẹ́ sílẹ̀ ní Stoke Mandeville lọ́dún 1944, mọ èyí dáadáa. Ó fi eré ìdárayá ṣe oògùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje fún àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lọ́dún 1948. Ìdíje yẹn ló di Paralympics.

Ọ̀nà yẹn ni Bikila gbà. Èmi ò sọ pé kò sunkún o. Ṣùgbọ́n ó gbà pé Ọlọ́run tó fún òun ní ìṣẹ́gun ló mọ̀ sí jàǹbá náà. Ó kọ́ ọfà títa, ó ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, ó sì bá wọn díje ní Stoke Mandeville lọ́dún 1970. Ní Norway lọ́dún 1971, ó jókòó sórí ọkọ̀ tí ajá ń fà lórí yìnyín, ó sì borí. Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni. Bikila kò lè gun ẹṣin àkọ́kọ́ mọ́, ló bá wá òmíràn gùn.

Ó kú lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1973, lẹ́ni ọdún 41. Ọba fúnra rẹ̀ wà níbi ìsìnkú náà.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Ẹnì kan wà láàárín wa tó ń sáré bí àgbọ̀nrín nígbà yẹn. Láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti bà jẹ́, kò wá sí àpéjọ mọ́. Mo jẹ̀bi níbẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí a bá pàdé, orúnkún ni mò ń béèrè, mi ò béèrè òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ lọ kí i, ẹ fún un níṣẹ́ ṣe nínú ẹgbẹ́, ẹ bá a gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Kí ẹ má sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jẹ yín o. Yóò mọ̀.